Ọ̀nà Omi, Ọ̀nà Abẹ: Ìtàn Iṣẹ́ Abẹ Inú láti Etíkun Ìlàjẹ

Láti Awóyè dé Igbókòdá, omi ni ọ̀nà. Ẹni tí inú bá ń run lóru ní Awóyè, níbi tí ilẹ̀ Ìlàjẹ ti fẹnu ko òkun, ọkọ̀ ni àwọn ènìyàn rẹ̀ á kọ́kọ́ wá kí wọ́n tó wá dókítà. Wọ́n á wá ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, wọ́n á wá epo, wọ́n á wo omi bóyá ó kún tàbí ó fà. Bí wọ́n bá gúnlẹ̀ sí èbúté Igbókòdá, mọ́tò ni yóò gbé aláìsàn lọ sí Òkìtìpupa. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ju agbára Òkìtìpupa lọ, ó di Oǹdó, ó di Àkúrẹ́, ó di Ọ̀wọ̀, ó sì lè di Ìbàdàn pàápàá.

Ẹ̀bá omi yìí kan náà ni ìdílé Samuel Manuwa, ẹni tí a kà sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè FRCS, oyè àwọn àgbà oníṣẹ́ abẹ, ti ṣẹ̀ wá. Ìmọ̀ náà gba ojú omi lọ sí Èkó, ó kọjá sí Edinburgh, ó dé Ìbàdàn, ó sì gbilẹ̀ níbẹ̀ débi pé àwọn oníṣẹ́ abẹ káàkiri ayé ń ka ohun tí àwọn ọmọ Yorùbá kọ nípa ìfun àti páńkíríásì. Àbọ̀ rẹ̀ sí etíkun ni kò tíì pé.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ abẹ lò. Olóólà ń kọlà, ó ń dábẹ́ fún ọmọ. Àwọn tó ń to eegun mọ bí wọ́n ṣe ń na apá tó dá títí yóò fi padà sípò. Wọ́n ń la eéwo, wọ́n ń sín gbẹ́rẹ́. Inú nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í là. Àgbo, àsèjẹ àti ẹ̀tù ni wọ́n fi ń bá inú rírun jà, ọ̀pọ̀ inú rírun ló sì gbọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ inú rírun kì í ṣe ti abẹ. Èyí tó jẹ́ ti abẹ, bí ìfun tó lọ́, ìfun tó lu tàbí ìpá tó há, ló ń pa ènìyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí àwọn ará ilé á sì ní ọwọ́ ayé ni. Òyìnbó pàápàá kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé ìgbà náà. Kí wọ́n tó fi ether kun aláìsàn lóorun ní gbangba ní Boston ní 1846, kí Joseph Lister tó kọ̀wé ní 1867 nípa bí a ṣe ń pa kòkòrò ojú egbò, ẹni tí wọ́n bá la inú rẹ̀ ní Yúróòpù, ikú ló sábà ń gbẹ̀yìn rẹ̀. 1881 ni Theodor Billroth gé apá kan àpòlúkù obìnrin kan ní Vienna, tí obìnrin náà sì la iṣẹ́ abẹ náà já. Ọ̀rọ̀ inú lílà kò tíì pẹ́ nílé ayé rárá.

Nígbà tí ilé ìwòsàn ìgbàlódé bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilẹ̀ Yorùbá, òkè ló mú. Sacred Heart ní Lantoro, Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ní 1895 lọ́wọ́ àwọn àlùfáà Kátólíìkì. Dókítà George Green ti ìjọ Onítẹ̀bọmi dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907. Bẹ́ẹ̀, etíkun Ìlàjẹ kò ṣàjèjì sí òyìnbó ní gbogbo àsìkò yìí. Ní nǹkan bí 1872, nígbà tí ìjà dí ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ti Ẹ̀gbá mọ́ àwọn oníṣòwò, ìjọba Èkó lábẹ́ Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó, wá ọ̀nà ìlà-oòrùn: wọ́n gba ọ̀sà láti Èkó dé Àtíjẹ́rẹ́, wọ́n sì gba ilẹ̀ láti ibẹ̀ lọ sí Oǹdó. Ní 1885 ẹ̀wẹ̀, ilé iṣẹ́ G. L. Gaiser, àwọn oníṣòwò ará Hamburg, bá Amápetù ti Máhìn ṣe àdéhùn lórí etíkun rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Jámánì ti fi í sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Epo pupa àti èkùrọ́ ló ń pè wọ́n wá, kì í ṣe ìtọ́jú aláìsàn.

Ìtẹ̀bú-Manuwa wà lẹ́sẹ̀ omi yẹn. Ọba Kuheyin jẹ níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ Benjamin Manuwa sì di òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ní Pórógun, Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ti bí ọmọ tirẹ̀, Samuel Láyínká Ayọ̀dèjì, ní 1903. Ọmọ ọmọ ọba náà kàwé ní CMS Grammar School àti King's College ní Èkó, ó wọkọ̀ lọ sí Edinburgh, ó sì gba oyè dókítà níbẹ̀ ní 1926. Ó kọ́ nípa àrùn ilẹ̀ olóoru ní Liverpool, ó padà wálé ní 1927, ó wọṣẹ́ ìjọba.

Ká tó lè mọ bí ohun tó ṣe ṣe tóbi tó, ó yẹ ká rántí ilé tó wọ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ dókítà ìjọba fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní 1902, ẹni tí òbí rẹ̀ jẹ́ òyìnbó nìkan ni òfin gbà láàyè. Dókítà dúdú lè kàwé ju òyìnbó lọ, abẹ́ rẹ̀ ni yóò wà, owó tí yóò gbà kò sì ní tó tirẹ̀. Inú irú iṣẹ́ báyìí ni Manuwa ti fi ọwọ́ rẹ̀ gba orúkọ. Ní 1938 ó yege nínú ìdánwò àwọn oníṣẹ́ abẹ ti Edinburgh, ó di FRCS. Ó ṣe ọ̀bẹ kan tí wọ́n fi ń gé egbò ilẹ̀ olóoru kúrò. Egbò yìí wọ́pọ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹrẹ̀ àti nínú igbó. Bí a bá fi oògùn bò ó lórí, kì í san, nítorí pé ẹran ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti kú. Àfi kí a gé òkú ẹran náà kúrò títí dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sun, kí awọ tuntun tó lè mú. Iṣẹ́ ọ̀bẹ náà nìyẹn. Ènìyàn lè sọ pé kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ abẹ inú, ṣùgbọ́n ẹni tí egbò bá ti ń jẹ lẹ́sẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, tí kò lè wọ odò, tí kò lè ta àwọ̀n, mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni.

Ní 1951 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí iṣẹ́ ìṣègùn ìjọba. Lẹ́yìn náà ó di Ọ̀gá Àgbà Abẹ̀wò fún iṣẹ́ ìṣègùn. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìtàn bí wọ́n ṣe dá ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn sílẹ̀, ó sì ṣe alága ìgbìmọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn náà. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ pàdé ní Ìbàdàn ní 1960 láti dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, ó wà lára àwọn tó ṣáájú, ó sì jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ náà. Ẹgbẹ́ yìí ló di West African College of Surgeons ní 1973, ilé tó ń fún àwọn oníṣẹ́ abẹ ní oyè láti Gambia títí dé Nàìjíríà. Àsọyé pàtàkì tí wọ́n ń sọ níbi ìpàdé wọn ń jẹ́ orúkọ Manuwa títí dòní. Ó kú ní 1976, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ mélòó ló mọ ìtàn yìí? Ó yẹ kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà láti Àtíjẹ́rẹ́ dé Ùgbónlà máa fi kọ́ ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo Ìbàdàn. Òfin tó dá UCH sílẹ̀ jáde ní 1952, wọ́n sì ṣí ilé ìwòsàn náà ní November 1957. Kí ó tó dìgbà náà, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń kọ́ṣẹ́. Láàárín ọdún díẹ̀, ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tó yẹ ká dúró lé lórí: àwọn oníṣẹ́ abẹ kò kàn ń la inú, wọ́n ń ka ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì rí i pé inú àwọn ènìyàn wa kò ṣàìsàn bí ti inú ìwé òyìnbó. Ní 1964, E. A. Ẹlẹ́bùtẹ̀ àti A. O. Adéṣọlá tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú British Journal of Surgery nípa ìfun tó wọ inú ara rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, G. J. Cole kọ irú rẹ̀ tí wọ́n ń rí ní Ìbàdàn. Àìsàn náà ni pé apá kan ìfun á rì sínú apá tó tẹ̀ lé e, bí ìgbà tí a bá ń ti ẹnu ìbọ̀sẹ̀ wọnú ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ibi tó rì náà mọ́, ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìwé òyìnbó ní ọmọ ọwọ́ ló máa ń ṣe, ṣùgbọ́n àwọn dókítà Ìbàdàn ń rí i lára àgbàlagbà, níbi tí ìfun kékeré àti ìfun ńlá ti pàdé. Dókítà tó bá fi ìwé London nìkan ṣiṣẹ́ á máa wo àgbàlagbà tí inú rẹ̀ ń lọ́ ọ, á sì máa wá nǹkan mìíràn. Ní 1968, W. W. Davey, ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn, ṣe olóòtú ìwé kan tí wọ́n pè ní Companion to Surgery in Africa. Bí ìmọ̀ ṣe ń di tiwa nìyẹn.

Ọdún 1969 ni ọ̀rọ̀ kan páńkíríásì. Ẹ̀yà ara yìí tẹ́ẹ́rẹ́, ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn àpòlúkù, ó fara ti eegun ẹ̀yìn, ibi tí ọwọ́ dókítà kì í tètè dé. Òun ló ń ṣe omi tó ń da ọ̀rá àti ẹran inú oúnjẹ. Òun náà ló ń ṣe ínsúlíìnì, èyí tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́, aláìsàn á máa ya ìgbẹ́ olóròóró, á máa rù, inú á máa run ún wọ ẹ̀yìn, àtọ̀gbẹ á sì wọlé lẹ́yìn náà. Lọ́dún yẹn, E. O. Olúrìn àti O. Olúrìn ti Ìbàdàn tẹ ìròyìn nípa aláìsàn 45 jáde nínú British Medical Journal. Òkúta ti dì sínú páńkíríásì àwọn aláìsàn náà, òkúta tó hàn gbangba nínú fọ́tò X-ray bí iyọ̀ tí a wọ́n sórí aṣọ dúdú. Ní ilẹ̀ òyìnbó, ọtí líle ni wọ́n sábà ń dá lẹ́bi fún irú páńkíríásì báyìí. Ní ilẹ̀ olóoru, láti Indonesia tí Zuidema ti kọ nípa rẹ̀ nínú àwọn ọdún 1950 dé Kerala ní Íńdíà, àwọn ọ̀dọ́ tí kò mutí, tí oúnjẹ kò kánú, ni wọ́n ń rí i lára wọn.

Kí ló fà á? Ẹ̀gẹ́ ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ nàka sí. Lọ́dún 1969 kan náà, nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn kan náà, Ọ̀ṣúntókun, Monekosso àti Wilson tẹ iṣẹ́ wọn jáde nípa àìsàn iṣan tí wọ́n wá lọ sí Ẹ̀pẹ́: àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí ojú àti etí wọn ń rẹ̀, nítorí májèlé sáyánáìdì tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa. Ní 1979, McMillan àti Geevarghese fi sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ ṣàlàyé páńkíríásì olókùúta àti àtọ̀gbẹ tó ń bá a rìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìlàjẹ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ẹ̀gẹ́ ni pupuru, oúnjẹ wọn. Ẹ wo bí àwọn ìyá ṣe ń ṣe é. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan. Wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á yọ okùn inú rẹ̀, wọ́n á mọ ọ́n roboto, wọ́n á tò ó sórí àjà iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dú, tí inú rẹ̀ yóò sì gbẹ. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ rò ó ni wọ́n á họ èéfín ara rẹ̀ kúrò, tí wọ́n á gún un, tí wọ́n á kù ú. Rírẹ, kíkan, fífún àti yíyan: gbogbo rẹ̀ ló ń lé sáyánáìdì jáde. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní kẹ́mísírì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn bá a mu. Ibi tí ewu wà ni ibi tí ẹni tó ń kánjú tà bá ti gé ọjọ́ rírẹ kúrú.

Àlàyé ẹ̀gẹ́ náà kò dúró bó ṣe wà. Àwọn onímọ̀ rí i pé ọ̀pọ̀ ló ń jẹ ẹ̀gẹ́ tí páńkíríásì wọn kò ní nǹkan kan, àwọn mìíràn sì ní àìsàn náà láìjẹ ẹ̀gẹ́. Ní 2000, Heiko Witt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì rí àyípadà kan nínú jíìnì SPINK1 lára àwọn ọmọdé tí páńkíríásì wọn ń wú léraléra, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí i lára ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Íńdíà. Jíìnì yìí ló ń ṣọ́ páńkíríásì kí omi tó ń da ẹran má bàa da ẹran ara rẹ̀. Oúnjẹ àti ìran, méjèèjì ló wá di ọ̀rọ̀ ìwádìí báyìí.

Jẹjẹrẹ páńkíríásì burú ju gbogbo eléyìí lọ. Bí ó bá mú orí páńkíríásì, á fún ọ̀nà òróòro pa, ojú aláìsàn á pọ́n bí ata rodo tó ń pọ́n bọ̀, ìtọ̀ á dú, ara á máa yún un, ìgbẹ́ á funfun. Àwọn ará ilé á ní ibà pọ́njú ni, wọ́n á máa fún un lágbo, oṣù á máa lọ. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé e kúrò ni ayé mọ̀ sí Whipple, láti orúkọ Allen Whipple ti New York, tó tẹ tirẹ̀ jáde ní 1935, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Walther Kausch ti ṣe é ní Berlin ní 1909. Oníṣẹ́ abẹ á gé orí páńkíríásì, á gé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun tó yí i ká, á yọ àpò òróòro, á gé apá kan ọ̀nà òróòro, nígbà mìíràn á gé díẹ̀ lára àpòlúkù. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó le jù: á so ohun tó kù nínú páńkíríásì mọ́ ìfun, á so ọ̀nà òróòro mọ́ ọn, á so àpòlúkù mọ́ ọn. Bí ìsopọ̀ ti páńkíríásì bá jò, omi tó yẹ kó máa da ẹran oúnjẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í da inú aláìsàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ ló ń kú lẹ́yìn rẹ̀. 1993 ni John Cameron àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Johns Hopkins ròyìn pé àwọn ti ṣe 145 tẹ̀ léra láìsí ẹni tó kú. Ohun pàtàkì kan tó fa ìyẹn ni pé ọwọ́ kan náà, nọ́ọ̀sì kan náà, akunilóorun kan náà ń ṣe é léraléra títí ó fi mọ́ wọn lára.

Ẹni tó bá ti Ìlàjẹ dé Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ pẹ̀lú ojú pípọ́n oṣù mẹ́ta, Whipple sábà ti kọjá a lọ. Jẹjẹrẹ ti tàn. Ohun tí oníṣẹ́ abẹ lè ṣe fún un ni kó fi ìfun ṣe ọ̀nà mìíràn fún òróòro, kí ojú tó pọ́n lè mọ́, kí ara tó ń yún lè rọlẹ̀, kí ó lè jẹun pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ irú iṣẹ́ abẹ yìí bí ẹni pé ìjákulẹ̀ ni. Aláìsàn tó sùn fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn oṣù méjì tí ara ti ń yún un kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, kì í ṣe páńkíríásì ló ń pa ọmọ etíkun jù nínú àìsàn inú tó jẹ́ ti abẹ. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni, táífọ́ọ̀dù. Omi ló yí Ìlàjẹ ká, omi mímu ló wọ́n. Omi òkun níyọ̀, omi àbàtà dúdú. Omi òjò inú dúróòmù ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, bó bá sì tán lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, odò náà ni wọ́n á padà sí, odò tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onípákó dúró lé lórí. Kòkòrò táífọ́ọ̀dù á gba omi wọlé, á lọ ba sí òpin ìfun kékeré, á máa jẹ ibẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta ibà ni ìfun máa ń lu. Ihò náà lè má tóbi ju orí pẹ́ńsùlù lọ, àmọ́ ìgbẹ́ ń gba ibẹ̀ jáde sínú ikùn. Inú á le bí pátákó, ibà á ga, ọmọ á dákẹ́.

Láti 1948, nígbà tí Theodore Woodward àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi chloramphenicol wo táífọ́ọ̀dù sàn ní Malaya, oògùn ti wà fún ibà náà. Ìfun tó ti lu kò gbọ́ oògùn nìkan. Abẹ ni. Ní 1976, E. Q. Archampong ti ilé ìwòsàn Korle Bu ní Ghana kọ àpilẹ̀kọ kan tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè: kí ló dé tí ikú fi pọ̀ báyìí nínú ìfun tí táífọ́ọ̀dù lu? Ní 1982, O. G. Àjàó ti UCH Ìbàdàn tún gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ìdáhùn tí àwọn oníṣẹ́ abẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń rí léraléra kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ mọ́ bí wọ́n ṣe rán ihò náà. Àkókò ni. Iye wákàtí tó wà láàárín ìgbà tí ìfun lu àti ìgbà tí abẹ kan ara ló ń pinnu ẹni tí yóò yè. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò díjú bíi Whipple: la ikùn, fi omi oníyọ̀ fọ̀ ọ́ títí yóò fi mọ́, wá ihò náà, gé etí rẹ̀, rán an, tàbí kí o gé apá ìfun tó ti bàjẹ́ jù. Oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ lè ṣe é ní ilé ìwòsàn kékeré, bí iná bá wà, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà, bí akunilóorun bá wà.

Ẹlẹ́bùtẹ̀, tí a ti dárúkọ lókè, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Èkó, ló bá H. B. Stoner ará Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀ ní 1983 tí dókítà lè fi mọ bí àkóràn ṣe wọ aláìsàn lára tó. Wọ́n ń fún ojú egbò ní máàkì, wọ́n ń fún ibà ní máàkì, wọ́n ń wo àwọn ẹ̀yà ara mìíràn tí àkóràn ti bà jẹ́, wọ́n sì ń wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí máàkì náà bá ṣe ga tó ni ewu ṣe pọ̀ tó. Àwọn oníṣẹ́ abẹ káàkiri ayé lo ìwọ̀n yìí, orúkọ ọmọ Yorùbá ló sì ṣáájú nínú rẹ̀.

Ṣé ìlú kékeré lè ṣe iṣẹ́ abẹ inú? Erúwà ti dáhùn. Dókítà Olúyọ̀ǹbọ́ Awójọbí, tó kọ́ṣẹ́ ní UCH, dé ilé ìwòsàn ìjọba ní Erúwà ní 1983. Ní 1986 ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Kò dúró de iná ìjọba. Ó fi àgbá ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò. Kùkùsù àgbàdo ló fi ń dá iná tó ń se ohun èlò abẹ títí kòkòrò ara wọn yóò fi kú. Ó ń ṣe omi dírípù fúnra rẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú ló bá a ṣe tábìlì iṣẹ́ abẹ. Lórí tábìlì yìí ló ti ń tún ìpá ṣe, tó ń la inú, tó ń gba ẹ̀mí aboyún là, títí ó fi kú ní 2015. Erúwà kò lómi púpọ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú tí ilé iṣẹ́ ńlá kò pọ̀ sí ni, gẹ́gẹ́ bí Igbókòdá.

Ìlàjẹ náà ti ní ìlú tó gbìyànjú láti gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ayétòrò, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ dá sílẹ̀ ní 1947, ti fìgbà kan rí jẹ́ ìlú tó ń jẹun pọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tó ń hun aṣọ, tó ń kan ọkọ̀, wọ́n sì ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá kò tíì ní. Òkun ti gba ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ báyìí, ó gbé ilé ìgbé, ó gbé ilé ẹ̀kọ́, kò dá ibi ìtọ́jú aláìsàn sí. Ohun tí òkun kò gbé, koríko orí omi tó ti orílẹ̀-èdè Benin wọ Nàìjíríà ní 1984 ń dí. Ó máa ń bo ojú odò pátápátá, á wé mọ́ ẹnu ẹ́ńjìnnì, awakọ̀ á máa fi ọwọ́ tú u nígbà tí aláìsàn ń kérora lẹ́yìn rẹ̀.

Ní 2015, ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé kalẹ̀ lórí iṣẹ́ abẹ lágbàáyé ròyìn pé ènìyàn bílíọ̀nù 5 ni kò rí iṣẹ́ abẹ tó péye gbà nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀. Wọ́n ní ilé ìwòsàn tó bá lè ṣe nǹkan mẹ́ta, kó ṣe iṣẹ́ abẹ fún aboyún, kó la ikùn, kó tọ́jú eegun tó dá tó sì yọ síta, lè ṣe ọ̀pọ̀ yòókù, wọ́n sì fẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè dé irú ilé bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí 2 tí yóò bá fi di 2030. Nàìjíríà náà ṣe ètò tirẹ̀ lórí iṣẹ́ abẹ àti ìkunilóorun, ti 2019 sí 2023. Wákàtí 2 yìí ni kí gbogbo ẹni tó bá ń ṣèjọba lórí Ìlàjẹ máa fi wọn ara rẹ̀. Ojú omi ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, nítorí pé ibẹ̀ ni wákàtí náà ti ń lọ. Yàrá iṣẹ́ abẹ tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ní Igbókòdá, pẹ̀lú akunilóorun kan tí kò fi ibẹ̀ sílẹ̀, fíríìjì ẹ̀jẹ̀ àti ọkọ̀ aláìsàn mélòó kan lójú omi, yóò gba ẹ̀mí là ju ilé alájà mẹ́fà ní Àkúrẹ́ lọ.

Àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ náà ti ń jáde. Ìlú Oǹdó ni yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, UNIMED, wà láti 2015. Ní Ifẹ̀, láti 2013, àwọn oníṣẹ́ abẹ ilé ìwòsàn yunifásítì, OAUTHC, pẹ̀lú Olúṣẹ́gun Alátiṣe ti ń bá Peter Kingham, oníṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀ àti páńkíríásì ní Memorial Sloan Kettering ní New York, ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ ìwádìí ARGO lórí jẹjẹrẹ inú, wọ́n sì ń kọ́ bí a ṣe ń fi kámẹ́rà wo inú ikùn láti ojú ihò kékeré kí a tó pinnu bóyá ká là á. Dókítà tó bá fẹ́ di oníṣẹ́ abẹ lónìí, ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Manuwa wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe, tàbí ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1979. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀kọ́ náà ń gbà, láti ẹ̀ka kan dé èkejì. Oṣù mẹ́ta péré nínú rẹ̀ ní Òkìtìpupa àti Igbókòdá, lábẹ́ àgbà oníṣẹ́ abẹ kan tó ń gbé ibẹ̀, yóò kọ́ ọ̀dọ́ dókítà ní ìfun tó lu ju ohun tí yóò rí ní ọdún kan ní ìlú ńlá lọ, yóò sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n rán wà nítòsí nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀.